Mùsíọ́mù ẹ̀tàn ojú ní Hongdae, àti oúnjẹ tó yí i ká: ìbéèrè àti ìdáhùn

Hongdae ni wọ́n ń pe àdúgbò tó yí Yunifásítì Hongik ká, ní apá ìwọ̀ oòrùn Seoul. Iṣẹ́ ọnà ni yunifásítì náà fi lókìkí, àdúgbò rẹ̀ náà sì ni mùsíọ́mù ẹ̀tàn ojú tí wọ́n ń pè ní Trickeye ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. Irú ibi báyìí máa ń kó kúrò tàbí kí wọ́n yí wákàtí wọn padà láìpariwo, nítorí náà ẹ wo Naver Map, áàpù máàpù àwọn ará Kòríà, láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí wúlò ní mùsíọ́mù ẹ̀tàn ojú yòówù tí ẹ bá wọ̀ ní Seoul.

Kí la máa bá níbẹ̀ gan-an?

Ẹ má retí ohun àtijọ́ tí wọ́n tì mọ́ inú gíláàsì. Àwòrán ńláńlá ni, tí wọ́n kùn sára ògiri títí tó fi ṣàn wá sórí ilẹ̀, nígbà mìíràn tó tún gun òkè àjà. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá wá. Ẹja ńlá lanu, ẹ̀yin lẹ máa dúró sẹ́nu rẹ̀. Afárá já sórí ọ̀gbun, ẹ̀yin lẹ máa rọ̀ mọ́ etí rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwòrán, ẹ ó bá yàrá tó ń sọ èèyàn di òmìrán, yàrá adoríkodò, ihò tó ń yí bírí, àti ọ̀nà onídígí tí èèyàn ń sọnù sí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1685, ní ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Ignazio ní Róòmù, wọn ò kọ́ òrùlé roboto tó yẹ kó wà lókè, ni ayàwòrán Andrea Pozzo bá kun ayédèrú rẹ̀ sórí aṣọ pẹlẹbẹ. Àmì roboto kan wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ á rí òrùlé tó ga fíofío, ẹni tó bá sì rìn kúrò níbẹ̀ á rí i tó ń wọ́. Ẹ fi àmì ilẹ̀ yẹn sọ́kàn, torí òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ní Hongdae títí dòní.

Mo wo àwòrán náà, kò tàn mí. Ṣùgbọ́n nínú fóònù, ó dà bí òótọ́. Kí ló fà á?

Ojú méjì tí ẹ ní ló fà á. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ló wà láàárín ẹyinjú méjèèjì, èyí túmọ̀ sí pé ohun tí tọ̀tún rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tòsì. Ọpọlọ á gbé méjèèjì wé ara wọn, á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ògiri pẹlẹbẹ ni èyí, kò sí ọ̀gbun kankan. Bí ẹ bá tún mi orí díẹ̀, àṣírí tú pátápátá, nítorí ohun tó jìnnà àti ohun tó sún mọ́ni kì í yẹ̀ lójú bákan náà, àmọ́ gbogbo àwòrán ògiri ló ń yẹ̀ pa pọ̀.

Ojú kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ní, kì í sì í mi orí. Òun ni wọ́n ya àwòrán náà fún. Bí ẹ bá fẹ́ rí i bí fóònù ṣe ń rí i, ẹ dúró lórí àmì, ẹ di ojú kan, ẹ má mira fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ ó rí i tí àwòrán náà á dìde.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kan kò ríran lè gbádùn ibẹ̀ ju àwa olójú méjì lọ. Kò sídìí fún un láti di ojú kankan.

Báwo la ṣe ń ya fọ́tò tó máa jọ?

Ẹni tó ń yà á ni kó kọ́kọ́ wá àmì. Ó lè jẹ́ àwòrán ẹsẹ̀ méjì nílẹ̀, tàbí àwòrán kámẹ́rà kékeré. Lẹ́ǹsì fóònù ló gbọ́dọ̀ wà lókè àmì yẹn. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ àmì dáadáa, wọ́n á wá na ọwọ́ síwájú, lẹ́ǹsì á sì ti fi ìdajì mítà kọjá ibi tó yẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ lórí ojú fóònù. Lójú lásán, oríkèé yẹn hàn kedere. Ẹ gbé fóònù sókè, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sún síwájú, ẹ sún sẹ́yìn, títí ìlà tó ti ògiri bọ́ sílẹ̀ á fi tọ́ láìtẹ̀. Ibi tí oríkèé bá ti pòórá, ibẹ̀ gan-an ni. Bí àgbàlagbà bá wà lórí àmì tí ìlà ṣì tẹ̀, gíga ni kò tọ́: kó gbé fóònù sí àyà, kó tún gbé e sí iwájú orí, ọ̀kan nínú méjèèjì á bọ́ sí i.

Ìgbà yìí ni ẹni tí wọ́n ń yà tó wọlé. Ẹni tó mú fóònù ni kó máa darí rẹ̀, torí ẹni tó wà nínú àwòrán kò lè mọ̀ bóyá ọwọ́ òun kan okùn tí wọ́n kùn tàbí kò kàn án. "Sún sọ́tùn-ún díẹ̀. Gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè. Ó tó." Kó má wo kámẹ́rà o. Ohun tó wà nínú àwòrán ni kó máa wò. Ẹni tí ẹja fẹ́ gbé mì tó tún ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ ya tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá fún àwòrán kan, kí ẹ máa yí gíga padà díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe àṣejù. Ọ̀kan péré ló máa ń bọ́ sí i dáadáa.

Mo ṣe gbogbo ẹ̀, fọ́tò mi ò jọ síbẹ̀. Kí ló bà á jẹ́?

Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò, láti orí èyí tó wọ́pọ̀ jù:

Lẹ́ǹsì 0.5x. Ó ń fa etí àwòrán gùn, ẹsẹ̀ èèyàn á gùn bíi ti ẹyẹ, ìlà tó yẹ kó tọ́ á sì tẹ̀. 1x ni kí ẹ lò. Bí àyè ò bá gbà yín, ibi tí ẹ dúró sí ni kò tọ́.

Ètò tó ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì. Fóònù á mú èèyàn hàn, á sì pa àwòrán rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán ọ̀hún sì ni ẹ tìtorí ẹ̀ wá. Ẹ pa á.

Fíláàṣì. Ọ̀dà ògiri á dán yanran lójú kan, ẹni tó bá wo fọ́tò á sì mọ̀ pé ọ̀dà ni.

Òjìji. Bí ẹ bá fara ti ògiri, òjìji yín á ṣubú lé ojú sánmọ̀ tí wọ́n kùn, sánmọ̀ kì í sì í gba òjìji. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kan síwájú, ó máa ń dín kù tàbí kó wọlẹ̀.

Fífi ọ̀pá gígùn ya ara ẹni. Kò lè ṣiṣẹ́ níbí, torí àmì sábà máa ń jìnnà ní mítà mélòó kan sí ẹni tí wọ́n ń yà. Ẹni tó bá dá lọ, kó mú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré tí wọ́n ń gbé fóònù lé (tripod) dání, kó gbé e sórí àmì, kó lo aago fóònù tó ń dá ya fọ́tò. Láàárọ̀ tí èrò ò tíì pọ̀, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà sábà máa ń bá èèyàn yà á.

Yàrá tó ń sọ èèyàn di òmìrán ńkọ́? Àwòrán ò sí nínú ẹ̀.

Yàrá Ames nìyẹn. Adelbert Ames, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó jọ yàrá onígun mẹ́rin lójú ihò tí ẹ ń gbà wò ó, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Igun kan jìnnà sí yín tó ìlọ́po méjì èkejì, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, òrùlé náà dà gẹ̀rẹ́, wọ́n sì gé fèrèsé àti táìlì ní wíwọ́ kí wọ́n lè jọ pé wọ́n bára mu. Ọpọlọ gbà pé yàrá gún régé, nítorí náà bí ẹni méjì bá dúró ní igun méjèèjì, kò sọ pé ọ̀kan jìnnà, ó sọ pé ọ̀kan kúrú.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kúrú dúró ní igun tó sún mọ́ni, kí ẹni tó ga lọ sí igun kejì, ìyàtọ̀ á pani lẹ́rìn-ín. Fídíò tún dára ju fọ́tò lọ níbí: kí ẹnì kan rìn láti igun kan dé èkejì, ẹ ó rí i tó ń ga sí i tàbí tó ń kéré sí i. Kó rìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ o, torí ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́ lóòótọ́.

Ihò tó ń yí bírí: ṣé ó léwu?

Afárá tí ẹ ń rìn lórí rẹ̀ kò mì rárá. Ihò roboto tó yí i ká nìkan ló ń yí. Ojú ń sọ pé ẹ̀ ń ṣubú, omi inú etí tó ń mójú tó ìdúró ara ń sọ pé ẹ dúró gbọin. Nígbà tí àwọn méjèèjì ò bá gbọ́ ara wọn yé, òòyì á kọ́ni, inú á sì máa ru. Ìwòsàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín: ẹ di ojú méjèèjì, ẹ di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Kíá ló máa dúró.

Aboyún, ẹni tó ní wárápá, ẹni tí òòyì sábà máa ń kọ́, àti ẹni tí ọkọ̀ máa ń dà láàmú, kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ọ̀nà míì máa ń wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Irú aṣọ wo ló dára?

Ṣòkòtò. Ẹ ó jókòó nílẹ̀, ẹ ó dùbúlẹ̀, ẹ ó gun nǹkan. Ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ ṣe pàtàkì, nítorí àwọn yàrá kan ń béèrè pé kí a bọ́ bàtà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń jókòó sílẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ kan ń yọ dáadáa lára àwòrán tó kún fún àwọ̀. Àǹkárá olódòdó á dàpọ̀ mọ́ ògiri, a ò ní mọ ibi tí èèyàn parí sí.

Ní yàrá adoríkodò, ẹ di irun gígùn mọ́lẹ̀. Orí òrùlé ni wọ́n kan àga àti tábìlì mọ́, ẹ ó sì yí fọ́tò padà lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán. Irun tó ń ṣubú sí apá òdì ló máa ń tú àṣírí.

Báwo la ṣe máa dé ibẹ̀, aago mélòó sì ni?

Láti pápákọ̀ òfuurufú Incheon, ọkọ̀ ojú irin AREX ló rọrùn jù. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni. Èyí tó ń yára kì í dúró lọ́nà, ó di ibùdókọ̀ Seoul. Èyí tó ń dúró níbi gbogbo ni kí ẹ wọ̀. Ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 50 láti Tẹ́mínà 1 dé ibùdó Hongik University, 홍대입구역. Láti inú ìlú, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Line 2 aláwọ̀ ewé dé ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà 9 lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà jáde. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, èrò á pọ̀ níbẹ̀ débi pé èèyàn kò ní ráyè yí ara padà.

Ẹ ra káàdì T-money, tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré èyíkéyìí, kí ẹ sì ní owó won lọ́wọ́ láti fi owó sí i. Fún ìrìn ẹsẹ̀, Naver Map tàbí KakaoMap ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Google Maps kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà ní Kòríà.

Wákàtí kan àbọ̀ sí méjì tó fún mùsíọ́mù. Bí ẹ bá wọlé ní kété tí wọ́n ṣí, láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ò ní tò fún àwòrán kankan, ẹ ó sì jáde ní ìgbà oúnjẹ ọ̀sán. Wákàtí yìí ṣe pàtàkì: ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń ti ilẹ̀kùn láti aago mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán, àwọn míì sì ń dáwọ́ gbígba ìbéèrè oúnjẹ dúró ní ìdajì wákàtí ṣáájú.

Ṣé ká jẹun kí á tó wọlé ni, àbí lẹ́yìn náà?

Lẹ́yìn náà. Ihò tó ń yí àti ikùn tó kún kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìdí kejì ni èéfín: ẹni tó bá ti jẹ ẹran sísun, aṣọ rẹ̀ á máa rùn títí di alẹ́.

Ṣé gbogbo oúnjẹ Kòríà ló ta?

Rárá. Pupa kì í sì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí títa. Gochujang, ata pupa tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà kíkan àti ìrẹsì pò, ní adùn nínú. Adùn yẹn ló ń kọ́kọ́ dé ahọ́n, títa rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Tteokbokki, ìyẹn ìrẹsì gígún tí wọ́n ṣù gbọọrọ bí ìka, tí wọ́n sè sínú ọbẹ̀ gochujang, ni ẹ ó rí jù lójú pópó. Ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, ó sì ń yóni kíákíá. Ẹ ra ọ̀kan fún ẹni méjì.

Bí ẹ ò bá fẹ́ ata rárá: seolleongtang, omi eegun màlúù tí wọ́n sè títí ó fi funfun, iyọ̀ wà lórí tábìlì kí ẹ bù ú fúnra yín. Samgyetang, adìyẹ kékeré odindi tí wọ́n ki ìrẹsì àti ginseng sí nínú. Bulgogi, ẹran màlúù pẹlẹbẹ tó ní adùn. Bibimbap náà wà, ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi àti ẹyin: ẹ ní kí wọ́n gbé gochujang sọ́tọ̀. Ẹ pò ó pọ̀ dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bó bá wá nínú ìkòkò òkúta, ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ìrẹsì náà gbẹ di èépá, ẹ má sì fọwọ́ kan ìkòkò.

Doenjang, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó kan, òórùn rẹ̀ á rán yín létí irú. Ẹni tó fẹ́ràn irú kì í bá ọbẹ̀ doenjang jà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹran sísun orí tábìlì?

Samgyeopsal ló gbajúmọ̀ jù: ikùn ẹlẹ́dẹ̀, ẹran àti ọ̀rá ní ìpele ìpele. Ìwọ̀n ẹni kan, tí wọ́n ń pè ní 1인분, sábà máa ń wà láàárín 150 sí 200 gíráàmù, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í sì í gba ìbéèrè tó bá dín sí ti ẹni méjì. Ẹni tó dá lọ lè ra ti ẹni méjì, tàbí kó yà sí ibi tí wọ́n ń ta bibimbap, gukbap (ìrẹsì inú ọbẹ̀) tàbí kimbap (ìrẹsì tí wọ́n fi ewéko òkun ká).

Ẹ jẹ́ kí irin gbóná kí ẹ tó gbé ẹran lé e. Bí kò bá hó ṣàà nígbà tí ẹran kàn án, ó ti yá jù, á lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ má máa yí i kiri. Nígbà tí omi bá ń sun jáde lójú òkè, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá fi àlùmọ́gàjí tó wà lórí tábìlì gé e sí ìwọ̀n ẹnu kan, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà jinná. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, kò gbọ́dọ̀ pupa nínú. Ẹ sun kimchi, ìyẹn kábéèjì kíkan tí wọ́n fi ata pa, nínú ọ̀rá tó ń ṣàn, adùn rẹ̀ á yí padà pátápátá.

Ewé lẹ́túùsì ní àtẹ́lẹwọ́, ewé olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní kkaennip lórí rẹ̀, ẹran, ssamjang (àpòpọ̀ doenjang àti gochujang) díẹ̀, áyù, ẹ ká a pọ̀. Ẹnu kan ni. Ẹni tó bá gé e jẹ, gbogbo ẹ̀ á tú sí i lára.

Bí àga yín bá jẹ́ roboto, ẹ ṣí ìjókòó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó kó ẹ̀wù àti báàgì sí kí èéfín má bà wọ́n.

Mi ò jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tàbí mi ò jẹ ẹran rárá. Kí ni mo lè jẹ?

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó fara pa mọ́. Inú kimbap sábà máa ń ní háàmù ẹlẹ́dẹ̀. Sundubu jjigae, ọbẹ̀ tòfú rírọ̀, lè ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀. Omi ọbẹ̀ tteokbokki sábà máa ń ti ara ẹja gbígbẹ wá, kimchi gan-an sì sábà máa ń ní edé oníyọ̀ tàbí omi ẹja. Nítorí náà, ewébẹ̀ lójú kì í ṣe ewébẹ̀ nínú.

Ẹ fi èyí hàn wọ́n lójú fóònù: 돼지고기 못 먹어요, mi ò lè jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. 고기랑 생선 못 먹어요, mi ò lè jẹ ẹran àti ẹja.

Mùsùlùmí tó ń wá halal, Itaewon ló máa lọ. Mọ́ṣáláṣí Àárín Gbùngbùn Seoul, tí wọ́n ṣí ní 1976, wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ halal sì yí i ká. Láti Hongdae, ẹ wọ Line 2 lọ sí Hapjeong, ibùdó kan péré ni, kí ẹ wá bọ́ sí Line 6 títí dé Itaewon.

Edé tàbí ẹ̀pà kì í bá mi lára mu ńkọ́?

Edé wà nínú kimchi bí a ṣe sọ. Òróró yànmọ̀tí wà nínú nǹkan púpọ̀. Àlìkámà wà nínú soy sauce. Naengmyeon, núdù inú omi yìnyín, ìyẹ̀fun memil (buckwheat) ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, memil sì wà lára ohun tí ara àwọn kan kì í gbà rárá. 새우 알레르기 있어요 ni ẹ ó fi hàn fún edé, 땅콩 알레르기 있어요 fún ẹ̀pà.

Àwo kéékèèké tí a ò béèrè fún, ṣé a máa sanwó rẹ̀?

Banchan ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá tán, ẹ béèrè sí i. Tí ẹ bá rí 셀프 lára ògiri, ẹ ó lọ bù ú fúnra yín, omi náà bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fẹ́ràn kí ẹ bu èyí tí ẹ ò ní jẹ.

Ṣíbí àti igi ìjẹun sábà máa ń wà nínú dúróà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bọ́tìnnì orí tábìlì ni ẹ ó fi pe òṣìṣẹ́, tàbí kí ẹ pè é pé "yogiyo". Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń sanwó. Owó orí ìdá mẹ́wàá ti wà nínú iye tí ẹ rí, wọn kì í sì í gba owó ọpẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń béèrè oúnjẹ máa ń kọ káàdì ilẹ̀ òkèèrè nígbà mìíràn. Ẹ mú káàdì kan náà lọ bá ẹni tó wà ní káńtà.

Ìwà wo ló yẹ ká ṣọ́ lórí tábìlì?

Ẹ má gún igi ìjẹun dúró sínú ìrẹsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú nìyẹn. Ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì, abọ́ ìrẹsì kì í sì í kúrò lórí tábìlì. Àgbà ló ń kọ́kọ́ bù, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Soju, ọtí tí àwọn ará Kòríà ń mu jù, sábà máa ń ní ọtí bíi ìdá 16 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń wọlẹ̀ bí omi. Ẹni tó máa pé ọdún 19 láàárín ọdún yẹn ni òfin gbà láyè láti rà á, kí ó mú pásípọ́ọ̀tù dání.

Ṣé a lè di èyí tó kù lọ?

Ẹ sọ pé "pojang". Ọbẹ̀ àti tteokbokki, wọ́n sábà máa ń dì wọ́n. Ẹran tí ẹ ti sun àti banchan, ẹ má retí i.